John Leal: Dókítà tó dúró ní kóòtù nítorí oògùn tó dà sí omi ìlú

Bí ènìyàn bá ṣí ẹ̀rọ omi ní ìlú ńlá, tó sì gbọ́ òórùn oògùn díẹ̀ nínú rẹ̀, kílóríìnì ni. Oògùn yìí ló ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà taifọ́ọ̀dù, àrùn onígbáméjì àti ọ̀pọ̀ àìsàn inú mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé májèlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka oògùn náà sí nígbà kan rí, àti pé dókítà kan fi orúkọ rere rẹ̀ wewu kó tó di ohun tí ayé gbà. Dókítà John Laing Leal ni ẹni náà. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti papò dà.

Leal ti lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ ní kóòtù kò bá a lọ. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti pa kòkòrò tán, kí ló ń ṣẹ́ kù sínú omi tí àwọn ènìyàn ń mu?

Omi ló ba ayé bàbá rẹ̀ jẹ́

Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1858 ni wọ́n bí Leal ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Andes, ní ìpínlẹ̀ New York. Dókítà ni bàbá rẹ̀, John Rose Leal. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà, bàbá náà bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun 144 ti New York lọ sójú ogun láti máa tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n dó ti ìlú Charleston ní ìhà gúúsù, omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀ kò sì dára. Ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ọmọ ogun, kò sì yọ dókítà wọn sílẹ̀.

Bàbá Leal bọ̀ láàyè, ṣùgbọ́n àìsàn náà bá a dé ilé. Kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí tó fi kú ní ọdún 1882. Ìbọn kọ́ ló pa ọkùnrin náà, omi ló mú un. Níwájú ọmọ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, láti kékeré títí tí ọmọ náà fi di géńdé.

Ní ọdún 1867, ìdílé Leal kó lọ sí ìlú Paterson ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni Paterson, aṣọ sẹ́dà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni Leal ti dàgbà. Ó ka ìwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Princeton lónìí, ó jáde ní ọdún 1880. Ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Columbia ní ìlú New York, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1884, ọdún méjì lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti lọ. Ó fẹ́ ìyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan.

Dókítà ìlú Paterson

Kò pẹ́ tí Leal bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ìjọba ìlú Paterson fi gbà á. Ó di dókítà ìlú, lẹ́yìn náà ó di ọ̀gá fún ètò ìlera ìlú. Iṣẹ́ tí àwọn wolé-wolé ń ṣe láyé ijọ́un kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí àrùn tó ń ràn bá wọ ilé kan, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò lọ síbẹ̀, tí wọn yóò ya aláìsàn sọ́tọ̀, tí wọn yóò sì fi oògùn fọ ilé náà.

Ìyẹ̀fun funfun kan wà nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń lò. Inú ẹfun àti kílóríìnì ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ àti ti bébà mọ ìyẹ̀fun yìí dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń sọ aṣọ àti bébà di funfun. Òórùn rẹ̀ le, ó ń ta imú, ó sì ń ta ojú. Leal rí i pé ibi tí ìyẹ̀fun yìí bá kàn, kòkòrò àrùn kì í gbé ibẹ̀. Ó dán an wò nínú omi ní yàrá àyẹ̀wò ní nǹkan bí ọdún 1898, ó sì rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbà kó tó ṣiṣẹ́.

Leal kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí èrò náà wá sí lọ́kàn. Ní ọdún 1897, nígbà tí taifọ́ọ̀dù ń pa àwọn ará ìlú Maidstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìyẹ̀fun yìí ni wọ́n fi fọ páìpù omi wọn. Ní ìlú Lincoln, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, wọ́n da oògùn kílóríìnì sí omi ìlú ní ọdún 1905 nígbà tí taifọ́ọ̀dù gbòde. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí ìlú ńlá kan tó gbà kí wọ́n máa dà á sí omi mímu lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ka ẹni tó bá dábàá rẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ fún ìlú ní májèlé jẹ.

Dáàmù Boonton dá ìjà sílẹ̀

Ní ọdún 1899, Jersey City bá ilé iṣẹ́ aládàáni kan ṣe àdéhùn láti wá omi tuntun fún ìlú. Àwọn ará ìlú náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba nígbà náà, omi tí wọ́n sì ń mu tẹ́lẹ̀ kò dára. Ilé iṣẹ́ náà dí odò Rockaway ní Boonton, wọ́n kọ́ dáàmù ńlá síbẹ̀, wọ́n sì fi páìpù gbé omi náà rin ìrìn-àjò nǹkan bíi máìlì 23 lọ sí Jersey City. Oṣù karùn-ún ọdún 1904 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹ̀rọ àwọn ará ìlú. Leal ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Paterson lásìkò yìí, ó ti di olùdámọ̀ràn lórí ìmọ́tótó omi fún ilé iṣẹ́ náà.

Àdéhùn ni pé omi tó mọ́, tó sì dára fún ara, ni wọn yóò fún ìlú. Jersey City ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí, ló bá gba kóòtù lọ. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé àwọn ìlú kéékèèké wà lókè odò náà, ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí wọn sì ń ṣàn wá sínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi máa ń silẹ̀ nínú dáàmù, ìdọ̀tí a lọ sí ìsàlẹ̀, kòkòrò púpọ̀ a sì kú. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀, àgbàrá a gbá gbogbo rẹ̀ wọ inú dáàmù lẹ́ẹ̀kan náà.

Adájọ́ Frederic Stevens ló gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì dá a ní oṣù karùn-ún ọdún 1908. Ó ní omi náà dára ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, lẹ́yìn òjò ńlá, kì í dára tó bí àdéhùn ṣe wí. Ohun tí ìlú fẹ́ ni kí ilé iṣẹ́ náà kọ́ gọ́tà àti ibi ìtọ́jú ìdọ̀tí fún àwọn ìlú tó wà lókè odò. Owó ńlá ni. Adájọ́ fún ilé iṣẹ́ náà láǹfààní láti wá ọ̀nà mìíràn bí wọ́n bá lè fi hàn pé ọ̀nà náà yóò sọ omi di mímọ́.

Ọjọ́ 99

Leal mọ ọ̀nà tí yóò gbà, ìyẹ̀fun kílóríìnì ni. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bó bá kùnà, kì í ṣe ẹjọ́ nìkan ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò pàdánù. Àwọn ènìyàn yóò sọ pé dókítà tó yẹ kó dáàbò bo ìlú ló fi wọ́n ṣe ìdánwò.

Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú. Ó pe George Warren Fuller, onímọ̀ ẹ̀rọ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́ omi, pé kó bá òun ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa po ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ omi. Ọjọ́ 99 ni iṣẹ́ náà gbà wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1908, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Boonton. Omi tó ń gbà á kọjá lójoojúmọ́ tó mílíọ̀nù 40 gálọ́ọ̀nù.

Ọgbọ́n Leal wà nínú ìwọ̀n. Kílóríìnì tó fi sí omi kò ju bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ó kéré débi pé ẹni tó mu omi náà kò mọ ìyàtọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rọ Fuller ló jẹ́ kí ìwọ̀n kékeré yìí dúró gírígírí, kó má pọ̀ jù lówùúrọ̀, kó má sì tán nírọ̀lẹ́.

Ohun tí wọ́n bi í ní kóòtù

Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n tún padà sí kóòtù. William Magie, tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà ní New Jersey rí, ni wọ́n ní kó gbọ́ ẹ̀rí lórí ohun tí Leal ṣe. Ìjókòó náà wọ inú ọdún 1909. Jersey City kó àwọn ọ̀mọ̀wé jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Sedgwick wà níbẹ̀, George Whipple náà sì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ jù lórí omi ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Àwọn lọ́yà ìlú dojú ìbéèrè kọ Leal. Wọ́n bi í bóyá ó mọ ìlú mìíràn tó ti ṣe irú rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ń mu omi náà. Leal dáhùn pé òun ń mu ún, àti pé kò ní ba òun lẹ́rù láti fún ìyàwó àti ọmọ òun mu. Ó ní bí ìyẹ̀fun náà bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kì í ku ohun tó lè pa ènìyàn lára.

Kókó ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú ni pé ohun tó mọ́ láti orísun ló dára jù. Lójú tiwọn, ẹni tó jẹ́ kí ìdọ̀tí wọ odò, tó wá ń da oògùn lé e, kò tíì ṣe ìmọ́tótó. Leal kò ní ìdọ̀tí dára, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí odò tí ènìyàn, ẹran àti ẹyẹ kì í dé, àti pé taifọ́ọ̀dù kò ní dúró de ọjọ́ tí wọn yóò kọ́ gọ́tà tán.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1910, Magie gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde. Ó ní ẹ̀rí tó wà níwájú òun fi hàn pé oògùn náà ń pa kòkòrò àrùn, àti pé kì í fi ohun búburú kankan sílẹ̀ sínú omi. Leal jàre. Àwọn ìlú Amẹ́ríkà mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti Boonton. Nígbà tó fi máa di ọdún 1918, àwọn ìlú tó ń lo kílóríìnì ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní ọdún 1900, nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà, nǹkan bí 100 ni taifọ́ọ̀dù ń ṣe lọ́dún. Nígbà tó di ọdún 1920, ó ti wá sílẹ̀ sí bí 34. Oògùn nìkan kọ́ ló ṣe é, ṣíṣẹ́ omi àti kíkọ́ gọ́tà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ipa tirẹ̀ kò kéré.

Ohun tí ojú ọdún 1909 kò lè rí

Ohun tí Magie sọ bá ẹ̀rí ìgbà náà mu. Kò sí irinṣẹ́ kan láyé ní ọdún 1909 tó lè rí ohun tó ṣẹ́ kù. Ó tó ọdún 1974, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Leal, kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ní ọdún náà, Johannes Rook, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ omi Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands, fi hàn pé nígbà tí kílóríìnì bá pàdé ohun tí ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ ń tú sínú omi, àwọn méjèèjì máa ń para pọ̀ di nǹkan mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan náà ni chloroform, oògùn tí àwọn dókítà ń fi kun ènìyàn lóorun nígbà kan rí kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà náà rí ohun kan náà ní ọdún 1974. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé chloroform púpọ̀ ń fa jẹjẹrẹ lára eku. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí mímu omi tí irú nǹkan wọ̀nyí pọ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní kí wọ́n yé da kílóríìnì sí omi. Àjọ ìlera àgbáyé kò gba èyí. Ó ní kí wọ́n dín àwọn nǹkan náà kù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ dẹwọ́ lórí pípa kòkòrò, nítorí ewu omi tí a kò pa kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ewu ohun tó ṣẹ́ kù lọ fíìfíì. Jẹjẹrẹ lè gba ọgbọ̀n ọdún kó tó yọ, onígbáméjì lè pa ọmọdé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dí i ní ọdún 1979. Chloroform àti àwọn mẹ́ta mìíràn tó bá a tan kò gbọdọ̀ ju maikirogíráàmù 100 lọ nínú lítà omi kan ní ìlú ńlá. Ní ọdún 1998, wọ́n ṣe òfin tuntun tó dín in kù sí 80, wọ́n sì fi òté lé ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ń pè ní haloacetic acids, pé kó má ju 60 lọ. Láti mọ bó ṣe kéré tó, ìwọ̀n 80 yìí dà bí ìdá 80 nínú bílíọ̀nù kan.

Àwọn méjèèjì ló rí òtítọ́

Ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ omi ń gbà dín àwọn nǹkan yìí kù kò ṣòro láti lóye. Ohun tó ń bá kílóríìnì para pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú kúrò. Wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí omi, ìdọ̀tí á dì, á sì silẹ̀. Wọ́n á gba omi náà kọjá nínú iyanrìn. Àwọn mìíràn tún ń gbà á kọjá nínú èédú tí wọ́n ṣe lọ́nà àkànṣe. Ìgbà tí omi bá ti mọ́ ni wọ́n tó máa ń da kílóríìnì sí i. Nígbà náà, díẹ̀ ni yóò tó, nítorí kò sí ìdọ̀tí tí yóò jẹ oògùn náà tán, kò sì sí ohun púpọ̀ tí yóò bá a para pọ̀. Wọn kì í sì í jẹ́ kí omi olóògùn pẹ́ jù nínú táǹkì, nítorí bó bá ṣe ń pẹ́ ni ohun tí a kò fẹ́ ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú kílóríìnì náà gbọdọ̀ bá omi dé ẹnu ẹ̀rọ, kí kòkòrò má baà tún wọ inú rẹ̀ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan náà kan omi kànga àti omi odò lábúlé. Bí omi bá dọ̀tí, kí a jẹ́ kó silẹ̀, kí a fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí a tó da oògùn sí i gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ. Dída oògùn púpọ̀ sí omi ẹlẹ́rẹ̀ kò lè rọ́pò sísẹ́ rẹ̀.

Tí a bá wo ẹjọ́ Jersey City láti ibi tí ayé dé yìí, ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, àwọn méjèèjì ló rí òtítọ́. Leal rí i pé oògùn díẹ̀, tí a wọ̀n dáadáa, ń gba ẹ̀mí là. Àwọn alátakò rẹ̀ rí i pé oògùn kò lè dípò ìmọ́tótó láti orísun. Ohun tí Rook rí ní ọdún 1974 kò sọ Leal di òpùrọ́, ó kàn mú ọ̀rọ̀ àwọn tó bá a ṣẹjọ́ padà wá sójú táyé ni. Ilé iṣẹ́ omi tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lónìí ń ṣe ti àwọn méjèèjì: ó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò, ó sì ń fi kílóríìnì pa kòkòrò tó bá kù.

Ikú rẹ̀

Leal kò jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1914 ló kú ní Paterson, ẹni ọdún 55 ni. Wọ́n sin ín sí ibojì Cedar Lawn ní ìlú náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, orúkọ Fuller tó ṣe ẹ̀rọ ló wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, àwọn mìíràn sì gba ògo fún ohun tí Leal pinnu. Ìgbà tí àwọn kan tú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà yẹ̀ wò ni òtítọ́ tún hàn. Ní ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ omi ní Amẹ́ríkà gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ sí ojú oórì rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé akọni ni nínú ètò ìlera gbogbo ènìyàn. Ó ti pé ọdún 99 tó ti kú, iye ọjọ́ kan náà tí ó fi kọ́ ẹ̀rọ Boonton.